Ìyá Eléku

"Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin ọmọ mi!" Báyìí ni àǹtí mi ṣe máa ń kí àwọn eku yàrá ìwádìí wọn nítòsí Ìyànà Ìyẹsí, kí wọ́n tó wọn ẹsẹ̀ eku kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò ń fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Eléku!" Àǹtí á kàn rẹ́rìn-ín pé, "Ọ̀fun ló ń rán egungun níṣẹ́." Eku tí oje ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní thyroid, kò bá tó, egungun rẹ̀ kì í gùn bó ṣe yẹ.

Nígbà tí àbúrò mi kò ga mọ́, Àǹtí ló ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oje yẹn ni kò tó. Dókítà fún un lóògùn. Lónìí, ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ kò dé kókósẹ̀ mọ́.

"Kí lẹ fún ọmọ yìí jẹ?" ni àwọn aládùúgbò ń béèrè.

Màmá mi á gbórí sókè: "Ẹ lọ bi Ìyá Eléku!"