Aṣọ Ewé Tíìkì

Ọmọ mi fi ọwọ́ gbo ewé tíìkì tútù lánàá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì pọ́n. Òórùn ewé náà gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ àṣà kan nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀wọ̀.

Ìyá àgbà mi wọkọ̀ wá láti Ìdóàní láti gbé aṣọ tí màá wọ̀ wá fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún ní funfun. Ó tẹ́ ewé tíìkì sórí rẹ̀, ó sì fi òkúta lù ú títí àwòrán ewé fi hàn pupa lára aṣọ náà. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ nígbà yẹn, n kò mọ̀; ọwọ́ ló fi ń wá etí ewé kọ̀ọ̀kan.

Àǹkárá tó ń dán ni àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí ìyá àgbà mi tó ń bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ni màmá yẹn?”

“Aládùúgbò wa ni,” ni mo dáhùn. Ìyá àgbà ti dé ẹ̀yìn mi.

Ó na aṣọ náà sí mi.

“Ìyá àgbà rẹ ní kí n bá òun gbé e fún ọ. Ó ní kí n kí ọ.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí n kò mọ̀ rí.