Ẹnu Mi Ní Ọjà Ń Yá

Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì dúró níwájú ìsọ̀ mi l'Ọ́fàtẹ̀dó kí n tó ta ìdajì tàkọ́kọ́. Láti ọdún méjìlá tí mo ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mi ò rírú ẹ̀ rí. Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹjú mọ́ ọkọ̀ náà bí ẹni pé tí mo bá wò ó pẹ́, á padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fúnra rẹ̀.

Ẹnu mi ló fà á. Ní àsàlátù, olùkọ́ wa obìnrin ní ká yé sọ pé ọjà kú, ká máa sọ rere kí ọkàn wa lè balẹ̀. Mo gbà. Ìráhùn náà iṣẹ́ ni, ó sì ti sú mi. Látìgbà náà, ẹni bá bi mí pé báwo lọjà, màá ní, “Ó ń yá, alihamudulilahi.” Ẹsẹ̀ ń wú, ó ń yá. Oníbàárà á tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bíi dókítà tó ń tẹ ikùn, á jù ú sílẹ̀, á lọ. Ó ń yá.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé àwọn èèyàn máa gbà mí gbọ́.

Bàbá Délé, àgbẹ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi, sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ìyá Mùsílí, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ọjà ń yá. Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì.”

“Ẹ ò ṣe wojú mi kẹ́ ẹ tó gbà?”

“Lórí fóònù? Ojú wo?”

Ó já ẹrù, ó lọ. Tàkọ́kọ́ ti ń dúdú lára. Tí mi ò bá tà á lónìí, ààtàn ló ń lọ. Mo ń to tuntun, apá ń ro mí, ni Ìyá Rídíwáànù bá ń kọjá tòun ti abọ́ òfìfo. Dòdò Ìkirè ló ń dín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sì ti pọ́n kọjá ààlà ló ń lò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Báwo lọjà?”

Ó ti dórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

“Kò yá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ó sọ abọ́ kalẹ̀. “Háà! Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú yín lọ sí Òṣogbo lọ wá èyí tó rọ̀! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ń yá? Mo rò pé kì í ṣẹ́ kù títí táá fi pọ́n jù.”

“Ojú ẹ ò ríran ni?”

“Ẹ fi àpò bò ó!”

Òótọ́ ni. Ìtìjú ló jẹ́ kí n bò ó.

Ó ra gbogbo èyí tó dúdú, ó ń kó o lọ; ẹ̀ẹ̀mẹta ló pààrà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n wá gbé e ru òun.

“Ó rẹ̀ mí,” mo ní.

“Ó rẹ èmi náà.”

Ó bá jókòó tì mí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, nígbà tó ṣe, a jọ gbé abọ́ náà.