Ọjọ́ Tí Màmá Kó Ọ̀rọ̀ Wọn Jẹ Nítorí Ẹyin

Òórùn ẹyin díńdín ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni. Àlùbọ́sà ń ta nínú òróró gbígbóná, ata rodo ń gun èèyàn nímú, mo sì ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń lu inú abọ́, kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ìgbà téèyàn bá ń po ẹyin. Mo dìde, mo yọjú lójú fèrèsé. Ilé ìdáná Màmá tó wà nísàlẹ̀ ni òórùn náà ti ń jáde wá. Àbúrò mi ọkùnrin ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Màmá ń din ẹyin," ló wí, bí ẹni tó ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa sìgá.

Àfi ẹni tó bá bá wa gbé Àgbowó nígbà náà ló lè mọ ìdí tí ẹnu fi yà wá. Màmá kọ́ ló bí wa, wọn kì í sì í ṣe ìyá àgbà wa. Àwọn ló ni ilé tí à ń gbé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àwa wà lókè, àwọn wà nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé yòókù sì wà nínú àwọn yàrá tó wà lẹ́yìnkùnlé. Nọ́ọ̀sì ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe ni pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ní ohun tó yẹ ní jíjẹ. Ìjọba ti ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò sọ fún ẹnu wọn. Aṣọ wọn kì í yéé ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì sí tí wọ́n sì lọ̀. Inú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jò ni wọ́n gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sí, wọ́n tò wọ́n mọ́ ara ògiri bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà.

Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru jáde sí fàráńdà. Àwọn àgbà ilé á jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á na apá. Màmá á máa tẹ rọ́bà rẹ̀, fùkẹ̀, fùkẹ̀, fùkẹ̀, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á jáde díẹ̀díẹ̀, ṣììì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lásìkò náà. Tí wọ́n bá ti tú u kúrò lápá onítọ̀hún tán, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iyọ̀ kó mọ níwọ̀n. Ẹ̀fọ́ kó pọ̀. Ti ẹyin ni wọ́n sì ń tẹnu mọ́ jù.

"Funfun ni kẹ́ ẹ máa jẹ," wọ́n á wí. "Ẹ yọ pupa rẹ̀ fún àwọn ọmọ, àwọn ṣì ń dàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì, ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yín."

Bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, wọn kì í sì í fi òfin ṣeré. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á la ẹyin bíbọ̀ sí méjì jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣí lẹ́tà, wọ́n á yọ pupa rẹ̀, wọ́n á fi ìdajì sórí àwo mi, ìdajì sórí ti àbúrò mi. Ti màmá mi náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ará ẹ̀yìnkùnlé náà máa ń pè wá nígbà mìíràn, pé ká wá gba pupa ẹyin. Kò sí ọmọ kan ní gbogbo Àgbowó tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìlera tó mi.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni Màmá lọ sí ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí dókítà kan wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò gbé ẹ̀rọ wọn jáde. Lọ́jọ́ kejì náà, fàráńdà ṣófo. Ọkàn màmá mi ò balẹ̀, wọ́n ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún wọn, kí n sì wò ó bóyá ara wọn dá. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti tẹ́ àwọn ìwé àtijọ́ wọn sórí tábìlì, àwọn bébà tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awò ojú wọn ti fẹ́ẹ̀ já bọ́ létí imú.

"Ẹ kú ìkàwé, mà."

"Hmm. Gbé e síbẹ̀, ọmọ mi." Wọn ò gbójú sókè. "Bébà tó o rí yìí, èmi ló ń bú láti àná."

Ó wá di Sátidé, ọjọ́ ìfọṣọ. Gbogbo ilé ti pé sídìí ẹ̀rọ omi, ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, nígbà tí Màmá jáde. Wọ́n wé gèlè bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwo ẹyin díńdín kan wà lọ́wọ́ wọn, ó kún dẹ́nu, búrẹ́dì wà lábíyá wọn. Wọ́n gbé àwo náà lé orí àpótí, wọ́n nàró.

"Ẹ dákun, ẹ fi aṣọ sílẹ̀ ná," wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa sá fún pupa ẹyin. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti padà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, ẹyin ò burú tó bá a ṣe rò ó. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kà á léèwọ̀ fún yín. Ẹ má bínú. Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níṣojú yín ni, kẹ́ ẹ sì wá bá mi fi búrẹ́dì jẹ ẹ́."

Ojú gbogbo ilé lọ sórí àwo ẹyin náà. Omi ń kán sínú korobá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. Àwọn èèyàn nu ọwọ́ ọṣẹ sára aṣọ wọn, wọ́n sì ya bo àwo. Àbúrò mi nìkan ló bú sẹ́kún. Ó ti yé e kíá pé bí àwọn àgbà bá ti ń jẹ pupa, ti wa ti tán nìyẹn.

Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù ni bàbá kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà. Ọkọ̀ akérò ni wọ́n ń wà láti Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, ọjọ́ tí Màmá sì ti ń bá wọn jà lórí iyọ̀ ti pẹ́.

"Màmá, ẹ ṣeun o," wọ́n wí, ẹyin kún ẹnu wọn. "Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà ò ní pẹ́ yí padà báyìí. Ẹ jẹ́ kí èmi tètè bẹ̀rẹ̀ tèmi."

"Ti iyọ̀ ò yí padà."

"Kò *tíì* yí padà ni kẹ́ ẹ wí, mà."

Gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń wò wọ́n, ẹ̀rín náà ò dé ojú wọn.

"Ẹ gbọ́ ná," wọ́n wí. "Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ní afárá kan ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé ẹ ò ní gba ibòmíì?"

"Màá gba ibòmíì."

"Ṣé ẹ máa wá sọ pé bí ọ̀nà yẹn ṣe bàjẹ́, kò sí ọ̀nà kankan tó dáa mọ́, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ wọgbó?"

Bàbá Dírẹ́bà kàn ju ọwọ́, wọ́n bu ẹyin sí i. Màmá tó bí mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ọbẹ̀ elépo pupa ni ayé wọn, Màmá ló sì ní kí wọ́n dín in kù. "Ti epo wá ńkọ́, mà?"

"Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sè é. Bí mo bá gbọ́ nǹkan tuntun, màá wá sọ."

Nígbà tí wọ́n ń kó àwo wọlé, mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. "Màmá, ṣé irọ́ lẹ pa fún wa nígbà yẹn ni?"

Ẹlòmíì á ti fọ́ mi létí. Màmá dúró, wọ́n rò ó. "Rárá. Irọ́ ni kéèyàn mọ̀, kó sọ òmíràn. Ohun tá a mọ̀ nígbà yẹn ni mo sọ. Bí mo bá wá mọ òmíràn lónìí, tí mo panu mọ́ nítorí ojú tì mí, ìgbà yẹn ló di irọ́."

"Báwo la ṣe máa wá mọ èyí tí wọn ò ní yí padà?"

"Àwọn kan wà tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà ọmọge mi, táwọn tó ń ṣèwádìí ti yẹ̀ wò títí tí ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀. Di àwọn ìyẹn mú dáadáa. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbọ́ ọ, gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n má tìtorí rẹ̀ búra."

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ wọn kan gbé Bàbá Dírẹ́bà wálé lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ti kó èrò kún ọkọ̀ tán ní Challenge, ó ku kí wọ́n ṣíná sí i, ni wọ́n bá ń rí ọ̀nà méjì níbi tí ọ̀kan ṣoṣo wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Màmá de ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Fùkẹ̀, fùkẹ̀. Ṣììì. Wọ́n tún un ṣe. Bàbá Dírẹ́bà ò lè wo ojú wọn. "Mo ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, mà," wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní bí wọ́n bá lè ṣi ti ẹyin sọ…"

Mo ń retí kí Màmá sọ pé, "Mo sọ fún yín." Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, ilẹ̀ sì ṣú kí Màmá tó padà dé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá Dírẹ́bà lò níbẹ̀. Ara wọn balẹ̀, wọ́n padà sídìí oògùn wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọn ò jáde mọ́. Ìtìjú mú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Màmá lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ jáde wá jẹun. Mo ti se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, n ò sì lè dá a jẹ."

Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùnlé ni wọ́n jókòó sí, àwo wọn dọ́gba, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n bù. Àwa tó kù ń ṣe bí ẹni pé a ò wò wọ́n. Bàbá Dírẹ́bà fi òkèlè kan sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n wo ojú ọ̀run.

"Màmá," wọ́n wí, "ọbẹ̀ yìí dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó dé ibẹ̀ tán, tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó sọ."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Òótọ́ ni! Òótọ́ ni, kò dùn!"

Ìyẹn ló mú kí màmá mi nàró lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ fún mi láàyè di Sátidé," wọ́n ké sí wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi yan ata lórí èédú kí wọ́n tó gún un. Wọ́n fi irú tó pọ̀, atalẹ̀, efinrin, àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ léraléra. Òórùn náà dé títì. Bàbá Dírẹ́bà tọ́ ọ wò, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ti rántí ìdajì ọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti ẹ̀yìnkùnlé ní kí wọ́n dúró de tòun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe di ìdíje nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni ìkòkò kan ń hó ní àgbàlá, Bàbá Dírẹ́bà ni adájọ́, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti jáde nínú ẹ̀rọ Màmá nírọ̀lẹ́, tí iye rẹ̀ tún wálẹ̀, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọlé. Àwa ọmọ náà ò pàdánù. Odindi ẹyin ni wọ́n ń fún wa báyìí.

Màmá ti lọ sinmi, wọ́n dàgbà kí wọ́n tó lọ. Ní Akóbọ̀ ni èmi ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Fóònù mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gbọn. Ẹnì kan á ní ká má jẹ búrẹ́dì mọ́ láéláé. Ẹlòmíì á ní ewé báyìí ló ń lé gbogbo àìsàn lọ, ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Ó dá gbogbo wọn lójú ṣáká. Nígbà kan rí, irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ máa ń mú mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí obìnrin tó fi gèlè lé orí, tó jáde síta láàárín àwọn tó ń bu ọlá fún un, tó ní òun ṣe àṣìṣe. N kò rí i kí iyì rẹ̀ dín kù lójú ẹnikẹ́ni wa. Ó pọ̀ sí i ni.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbé bàbá mi lọ rí dókítà nítorí ṣúgà tó ga lára wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni dókítà náà. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n lè jẹ, a sì bi í nípa àwọn oúnjẹ kan tá a gbọ́ lórí rédíò.

"Ẹ má bínú, mà," ó wí. "Ìyẹn ò tíì dá wa lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tá a mọ̀ fún yín."

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn wa, tó ń dúró kó kàn án, pòṣé. Ó ní dókítà wo ló ń sọ pé òun ò mọ̀. Èmi fa àga mi sún mọ́ dókítà náà, mo sì mú kálámù jáde kí n lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.