Ọkọ̀ Tí Kì Í Dúró Kó Kún

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìbínní lọ sí Èkó rí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó ti gbọ́ ohùn Sàlíhù. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tó ti ń pe èrò sọ́kọ̀ ní gáréèjì Òrè, ohùn náà kò sì tíì há. Ará Ìwó ni, ṣùgbọ́n dán an wò kí o pè é ní àlejò ní Òrè, ẹ ó jọ tahùn síra yín lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó tún mọ̀ dunjú ni wíwá ẹrù tó bá ọkọ̀ lọ. Òrè ni èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ẹlòmíì á jókòó ti iyán, á gbàgbé ara rẹ̀, ọkọ̀ á sì gbé báàgì rẹ̀ lọ. Bí onítọ̀hún bá ti ń sunkún bọ̀, Sàlíhù kì í bá a sunkún. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi í: kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà? Báwo ni dẹ́rẹ́bà ṣe rí? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ nínú búùtù? Lẹ́yìn náà ni yóò pe àwọn ojúgbà rẹ̀ ní gáréèjì tó kàn lójú ọ̀nà. Ẹrù tó ti bá èèyàn gbà padà kò lóǹkà, títí kan àkùkọ kan tó ti dé Ìjẹ̀bú-Òde kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ràhmọ̀t, àkọ́bí rẹ̀, gbọ́ ìbéèrè mẹ́ta yìí ju bó ṣe gbọ́ àlọ́ lọ. Ràhmọ̀t yìí kan náà ló kàwé gboyè nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Oko ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun ló ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ń gun ọ̀kadà lọ wo ewé tí àrùn ń bà jẹ́. Ìwádìí náà ni yunifásítì kan ní ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí tí wọ́n fi ní kó wá kàwé sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà wọn dé, Sàlíhù gbé e káàkiri gáréèjì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i kà tán, torí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Físà ló pẹ́. Nígbà tó fi jáde, ọjọ́ tí Ràhmọ̀t máa balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló bọ́ sí ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n máa kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sílẹ̀. Tó bá ti lu aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó parí. Ẹni tí kò bá mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dé, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, ilé ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, èrò méjì ló kù kí ọkọ̀ Bándélé kún. Bándélé, ọmọ bíbí Odigbo, ni dẹ́rẹ́bà tí Sàlíhù fẹ́ràn jù. Fóònù dún.

“Bàbá, ọkọ̀ ti gbé báàgì mi lọ.” Ẹkún ni Ràhmọ̀t fi sọ ọ́.

Ohun tí Ràhmọ̀t, ọmọ gáréèjì, ṣe nìyí. Ó ti gbé báàgì sínú búùtù ọkọ̀ tó ń ti pápákọ̀ òfurufú lọ sí Manchester. Ó wo inú ọkọ̀ náà, èrò márùn-ún péré ló wà nínú ọkọ̀ tó lè gba àádọ́ta. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní ìgbà wo lèyí máa kún? Ló bá lọ ra tíì àti búrẹ́dì. Ó gbà pé tó bá kù díẹ̀, dẹ́rẹ́bà á tẹ fèrè, ẹnì kan á sì yí ká wá pe àwọn tó ń jẹun, bí wọ́n ti ń ṣe ní Òrè. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan. Aago mẹ́sàn-án lù, ọkọ̀ gbéra tòun ti àga òfìfo márùndínláàádọ́ta.

“Kò kún, ó sì lọ?” Sàlíhù kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

“Kò kún, Bàbá. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí mi ló wà nínú báàgì náà.”

Ẹrù ọmọ ẹlòmíì ni Sàlíhù ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ti ọmọ tirẹ̀ ló sọnù yìí, ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan tó lè pè. Ó wá bẹ́ǹṣì jókòó. Ṣùgbọ́n ohùn iṣẹ́ ló fi dá ọmọ lóhùn.

“Nu ojú rẹ. Kí ni nọ́ńbà ọkọ̀?”

Ó kà á geere, láì wo ibì kankan.

“Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?”

“Obìnrin ni, Bàbá. Irun rẹ̀ pupa, ó fi ìgò sójú.”

“Obìnrin ló wa ọkọ̀ ńlá?” Bándélé tó ti wá tẹ́tí ló sọ bẹ́ẹ̀. Sàlíhù fọwọ́ dá a dúró.

“Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì rẹ?”

“Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́, aláwọ̀ ewé. Apá ọ̀tún, nítòsí táyà ẹ̀yìn.”

“Ó dáa. Wá ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, má ṣe bi èrò bíi tìẹ. Tí o bá ń sunkún, wọ́n á kàn máa bẹ̀ ọ́ ni. Nọ́ńbà ni kí o kọ́kọ́ sọ.”

Bó ṣe gé fóònù nìyẹn. Sàlíhù kò pe èrò mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kírun ọ̀sán, ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Nurat ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, òun náà jókòó tì í, kò sẹ́ni tó ṣí abọ́. Bándélé tó ti gbé èrò lọ pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó tún pè láti Èkó: “Ṣé wọ́n ti rí i?”

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Ràhmọ̀t tó pè.

“Bàbá, wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀.”

Alihamudulilahi tí Sàlíhù ké, àwọn tó wà lódìkejì títì gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni ọmọ wá ròyìn. Ọkọ̀ méjì ló gbéra pọ̀ lọ sí Manchester láàárọ̀ náà. Ọ̀kan máa dúró síbẹ̀, èkejì máa kọjá lọ sí Scotland. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì àwọn ọlọ́kọ̀ ní pápákọ̀ sọ pé kò sí bí òun ṣe máa mọ èyí tí báàgì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ràhmọ̀t ka nọ́ńbà, ó sọ ti dẹ́rẹ́bà, ó sọ ti kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Scotland ni! Wọ́n pe obìnrin onírun pupa náà, ó sọ báàgì kalẹ̀ ní Manchester, Ràhmọ̀t fi ọkọ̀ aago mẹ́wàá bá a níbẹ̀.

“Ọkùnrin náà ní láti ìgbà tóun ti wà níbẹ̀, òun kò rí èrò tó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rí. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, mo ní ọ̀gá ni yín nídìí ọkọ̀.”

Nurat gba fóònù lọ́wọ́ Sàlíhù.

Manchester kò rọrùn fún Ràhmọ̀t níbẹ̀rẹ̀. Òtútù wà. Ó máa ń kí àwọn tí wọ́n jọ ń wọkọ̀, àmọ́ kí wọ́n tó ráyè fèsì, ó ti kí wọn tán. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti mọ gbogbo ọkọ̀ ìlú náà àti àkókò wọn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa dé ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, yunifásítì wá ẹni tó máa lọ pàdé wọn ní pápákọ̀. Ràhmọ̀t ló kọ́kọ́ nawọ́.

Sàlíhù kò mọ̀ pé pápákọ̀ ni ọmọ wà nígbà tó pè é lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ràhmọ̀t gbé fóònù, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró,” kò sì pa á. Ariwo ọkọ̀ ni Sàlíhù ń gbọ́, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sókè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Yorùbá: “Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o! Ọkọ̀ ibí kì í dúró kó kún! Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀!”

Omi bọ́ lójú Sàlíhù, kò nù ún. Ó mú ohùn fóònù náà lọ sókè pátápátá, ó gbé e sí àárín gáréèjì, ó sì jágbe mọ́ gbogbo wọn:

“Ẹ dákẹ́ jàre! Ọmọ mi ń pe èrò.”