Fẹ́yìsetán Lórí Àga Tó Gún Régé

Ní Ilobi, bí ẹ bá rí ẹni tó ń káàánú Fẹ́yìsetán Ìbítóyè, àlejò ni. Àwa ará ilé ti jáwọ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ibà ló gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ibà náà gbàgbé apá rẹ̀, ó sì gbàgbé ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ìdí agbada gàrí ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí: jókòó bó pákí, jókòó yan gàrí. Kì í gbé pákí tó bá ti bó lọ sínú báàfù. Jíjù ló máa ń jù ú. Báàfù sì rèé, ẹ̀bá ògiri kejì ló wà. Kì í tàsé. Bí ewúrẹ́ bá wà láàárín, ewúrẹ́ ló máa yà.

Ọ̀gá Adéwùnmí, tíṣà eré ìdárayá láti Ayétòrò, wá ra gàrí lọ́jọ́ kan, ó sì rí i.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan báyìí?"

"Ìmẹ́lẹ́ ni, sà."

"Tún ìmẹ́lẹ́ yẹn ṣe kí n rí i."

Ọkùnrin náà gbàgbé gàrí síbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ gbá ṣe di iṣẹ́ Fẹ́yìsetán nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi gbá a fún ẹgbẹ́ Ayétòrò, lórí àga àyálò. Nígbà tí wọ́n ń lọ gbá a ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, aṣọ́bodè kan ní kó dìde kí òun yẹ ìdí rẹ̀ wò. "Ọ̀gá," ó ní, "bí ẹ bá lè mú mi dìde, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ lọ dá ìjọ sílẹ̀." Aṣọ́bodè náà ju ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì wọn pé kó máa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àyè kan péré ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀gá Adéwùnmí ni wọ́n sì ní kó yan ẹni tó máa wọlé. Ẹni méjì ló ń dù ú: Fẹ́yìsetán, àti Aishat ọmọ Agosasa, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí, tó sì yára bí àṣá.

Bí ìdíje tí wọ́n máa fi yan ẹni náà ṣe ku ọ̀la, àga tuntun dé fún Fẹ́yìsetán. Àwọn ọmọ Ilobi tó wà l'Ékòó ló rà á, ó sì gba Kútọnu wọlé. Ẹ wo àga! Ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Táyà rẹ̀ méjèèjì yà síta nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ja ìjàkadì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó má baà dojú dé bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá yí bírí. Fẹ́yìsetán yọ̀ títí, ó fi àga sójúde, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ dirun.

Ibẹ̀ ni Mùnírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti rí àga náà. Wẹ́dà tó já fáfá ni. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ wá. Ní ẹnubodè wa níhìn-ín, a kì í béèrè bóyá tòkunbọ̀ ti ní jàǹbá. Ibi tó ti tẹ̀ là ń wá. Ọkọ̀ tó bá gba Kútọnu wọlé, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló ń kọ́kọ́ sùn kó tó dé ilé ẹni tó ni ín. Mùnírù wo táyà náà, ó mi orí. "Wọ́n ti rẹ́ ọmọ yìí jẹ." Ó gbé àga lọ síbi iṣẹ́, ó tan iná sí i, ó nà án gún.

Nígbà tí Fẹ́yìsetán fi dé, àga ti dúró gbọnrangandan bí olùkọ́ ìjọ tó fẹ́ ka Bíbélì.

"Bọ̀ọ̀dá Mùnírù! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Má dúpẹ́. Ẹbí ni wá."

"Ẹ dá a padà bó ṣe wà!"

"Kó tún wọ́? Irin tí iná ti kàn, bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́. Ṣé o fẹ́ kó ṣẹ́ mọ́ ẹ nídìí ni?"

Àga àyálò ti wà lọ́wọ́ Aishat. Bí Fẹ́yìsetán ṣe gbé àga gbọnrangandan lọ sí Ayétòrò nìyẹn.

Ọ̀gá Adéwùnmí pín àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ́nà méjì, Fẹ́yìsetán níhìn-ín, Aishat lọ́hùn-ún. Bí Fẹ́yìsetán ṣe kọ́kọ́ yí bírí, gbì! Wọ́n gbé e dìde. Ó tún yí. Gbì!

"Ẹ̀gbọ́n," Aishat ní, "ṣé ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí ni?"

"Ibi tí mo máa tẹ́ ẹ sí ni mò ń wọ̀n."

Mùnírù ń pariwo létí pápá pé, "Àga yẹn ò ní ẹ̀bi kankan! Ó gún!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò yí mọ́. Ó ti rí nǹkan. Àga àwọn tó kù fẹ̀ nísàlẹ̀. Bí méjì bá dúró dí ọ̀nà, àlàfo tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kì í gba àga bíi tiwọn. Tirẹ̀ tóóró bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó sáré gbọọrọ, ó gba àárín wọn kọjá, ó ju bọ́ọ̀lù: inú àwọ̀n! Ó tún kọjá: inú àwọ̀n! Pápá hó yèè. Àwọn ọlọ́kadà já èrò sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gun orí fẹ́ǹsì.

Àmì dọ́gba, àkókò ti ń lọ tán, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Fẹ́yìsetán. Ṣùgbọ́n Aishat kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fi táyà rẹ̀ kan táyà ẹnìkejì rẹ̀ pinpin. "Ẹ wá kọjá báyìí, ẹ̀gbọ́n!"

Kò sí ọ̀nà àfi kó yí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá yí. Òun náà mọ̀. Ó yí bírí. Táyà kan kúrò nílẹ̀, ó sì ju bọ́ọ̀lù. Bí àga ṣe ń lọ sílẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ sókè, àwọn méjèèjì sì dé ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aishat ló kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí!"

Ọ̀gá Adéwùnmí wá dúró lé e lórí. "Fẹ́yìsetán, ìwọ ni mo mú. Àga yẹn ni n kò mú."

Àwọn èèyàn sáré wá láti gbé e.

"Ẹ má tíì gbé mi," ó ní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tún un sọ."