Akọ Ni Ìrẹsì, Abo Ni Àlùbọ́sà

Ní èdè Jámánì, akọ ni ìrẹsì, abo ni àlùbọ́sà. Búrẹ́dì kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ó kàn wà láàárín bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló ní kí n wá bá òun, àmọ́ wọn ò ní fún mi ní físà àfi tí mo bá yege ìdánwò èdè. Bí àgbà bíi tèmi ṣe di ọmọ kíláàsì nìyẹn, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Festac.

Mo gé pépà búlúù fún akọ, pupa fún abo, aláwọ̀ ewé fún àwọn aláàárín, mo sì lẹ̀ wọ́n káàkiri ilé ìdáná. Der Reis lára ike ìrẹsì. Die Zwiebel lára apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Mo sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù pé àlùbọ́sà gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, torí ó ń pa ọkùnrin lẹ́kún.

Ó ní, "Ẹyin ńkọ́, Dádì? Kí ló dé tí ẹyin fi wà láàárín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ títí adìẹ á fi pa á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Àmọ́ akọ àti abo kọ́ ló fẹ́ fọ́ mi lórí. Lọ́jọ́ tí a ń fi ìdánwò dánra wò, tíṣà wa, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, ṣe bíi pé mo wá kí òun nílé, ó fi ọbẹ̀ lọ̀ mí ní èdè Jámánì. Mo ní rárá, ẹ ṣé. Ó fi ẹja lọ̀ mí. Rárá, ẹ ṣé. Búrẹ́dì ńkọ́? Mo ti yó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti kọ̀! Ta ló bi yín bóyá ẹ ti yó? Tẹ́ ẹ bá kọ gbogbo ẹ̀, kí lẹ máa wá sọ? Òdo ni wọ́n máa fún yín o!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Nígbà tí a wà ní kékeré ní Amúwo, tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ wá nílé aládùúgbò, ojú màmá mi la máa ń kọ́kọ́ wò. Ikùn lè máa kùn, ẹnu á ní òun ti yó. Onílé tó bá fẹ́ràn rẹ á tún bẹ̀ ọ́.

Mo ròyìn ẹ̀ fún ìyàwó mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, wọ́n gbé kéèkì wá. Mo ní mi ò jẹ, mo wá ń retí kí wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n gbé e lọ. Wọn ò bínú o, wọ́n kàn gbà mí gbọ́ ni. Ebi pa mí títí iṣẹ́ fi parí. Dádì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bi èèyàn níbí."

Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, wọ́n fi ọ̀dùnkún lọ̀ mí. "Rárá" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo gba ọ̀dùnkún, mo gba ẹja, mo gba wàrà tí mi kì í mu. Nínú ọkàn mi, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú."

Máàkì mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Ìyàwó mi pariwo, ó sunkún díẹ̀, ó wá bi mí pé kí lòun máa sè dè mí. Tẹ́lẹ̀, màá ti ní kó má ṣe wàhálà. Mo ní kó se ìrẹsì, kó din ẹran, kó sì bù ú kún abọ́.