Ilẹ̀ Tí Mo Gbá ní Ìsọ̀ Bàbá Àgbà

Ilẹ̀ ibi ìpàtẹ ohun ọ̀ṣọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ l'Ékòó dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù ló sì kún ojú náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, iṣẹ́ kò tíì yọjú. Ìlúkílùú tí wọ́n bá pè mí sí fún ìdánwò iṣẹ́, Èkó, Abẹ́òkúta, Àbújá, bí mo bá ti ṣe tán, ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ ìgbàlódé ni mo máa ń wá lọ. Màá jókòó sẹ́yìn, màá gbọ́ bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, inú á sì máa bí mi. Kì í ṣe àwọn ni inú ń bí mi sí, ara mi ni. Bàbá mi àgbà ní Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn ti ń rọ góòlù kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ mi ò lè nawọ́ sókè kí n sọ bẹ́ẹ̀. Inú mọ́tò tó ń gbé mi padà s'Íbàdàn ni ọ̀rọ̀ á tó máa já geere lẹ́nu mi, níbi tí kò sẹ́ni tó béèrè.

Ọjọ́ kan ni mo wá nawọ́. Mo sọ pé bàbá mi àgbà ń rọ góòlù. Obìnrin tó ṣètò ìpàtẹ náà ní òun á wá wo iṣẹ́ Bàbá. Bí òun bá rí ẹyọ kan tó jẹ́ ti Bàbá fúnra wọn, òun á gbé e sínú ìpàtẹ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Yẹtí ni màá ṣe fún un. Mo mọ ibi tí góòlù rẹ̀ wà."

Mi ò béèrè ibi tó wà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí obìnrin náà máa dé, Bàbá lọ sí mọ́sáláṣí. Mo wo ìsọ̀ wọn, mo rántí ilẹ̀ Èkó tó ń dán, ojú sì tì mí. Mo gbálẹ̀, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo rí páànù kan tó kún fún ìdọ̀tí lábẹ́ àga Bàbá, mo da òun náà sí gọ́tà. Inú mi dùn gan-an ni.

Bàbá dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìnà.

"Ta ló gbálẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Kó lè dà bíi t'Èkó ni."

"Páànù abẹ́ àga mi ńkọ́?"

"Mo ti da ìdọ̀tí inú ẹ̀ sí gọ́tà."

Wọ́n jókòó. "Ọmọ yunifásítì! Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ pé kó o máa da góòlù sí gọ́tà?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú gíláàsì ìsọ̀ náà, oníbàárà ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí fáìlì onírin bá ń ha góòlù, díẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀, àṣà wọn sì ni pé oníṣẹ́ ló ni èyí tó bọ́ sílẹ̀. Láti Ààwẹ̀ kan sí èkejì ni Bàbá fi ń gbá a jọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yọ́ ọ. Yẹtí wa wà nínú páànù yẹn.

Mo gbé asẹ́, mo sáré lọ sídìí gọ́tà. Ìyá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lódìkejì pariwo pé, "Bá mi wá tèmi níbẹ̀ náà o! Ọjọ́ ti pẹ́ tí òrùka ìgbéyàwó mi ti sọnù!" Ẹrẹ̀ nìkan ni mo rí. Omi ti gbé góòlù náà gba ọ̀nà odò Ògùnpa lọ.

Obìnrin náà dé lóòótọ́. Ó yin ọwọ́ Bàbá títí, ó wá béèrè èwo ni tiwọn níbẹ̀.

"Kò tíì sí o, màdáámù. Ó di Ààwẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọn ò sọ ohun tí mo ṣe. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Obìnrin náà ò padà wá mọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi tí mo ń fi òwe yìí dápàárá, àkísà àgbà gan-an ni mo kó dànù.

Mo ṣì máa ń lọ sí ìpàtẹ bí mo bá rìnrìn àjò. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, màá sì máa rò ó pé ibo ni ẹni tó gbá a da erùpẹ̀ rẹ̀ sí. Bí mo bá dé Bẹyẹrúnkà, n kì í jáde ní ìsọ̀ láì gbọn àtẹ́lẹsẹ̀ mi sínú páànù tí Bàbá gbé sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kàn máa ń fi ẹsẹ̀ ti páànù náà sún mọ́ mi.